Ọkọ̀ Wo Ló Tó Ìdílé Wa?

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì pé ìdílé wa fẹ́ ra ọkọ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé Camry ni àbí Sienna?" Nígbà tí mo ní ọkọ̀ ojú omi ni, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Mi ò bá wọn jà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wá, ilẹ̀ ọ̀dàn là ń gbé. Aṣọ òkè, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kaṣú àti màlúù ni àwọn èèyàn fi mọ Òkè-Ògùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kànga ilé wa a máa gbẹ débi pé ẹrẹ̀ ni agolo máa ń bù wá sókè. Ta ni yóò gbà pé ẹni tó ń wá omi tí yóò mu tún ń wá ọkọ̀ tí yóò fi la omi kọjá?

Ṣùgbọ́n omi wà. Odò Ògùn, tí agbègbè wa ti gba orúkọ, ìhà Ṣakí ló ti ń ṣàn bọ̀, ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó dé ọ̀sà ní Èkó. Ní àsìkò ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù Ìkéré Gorge lé e lórí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Omi tí dáàmù náà lè dá dúró tó 690 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Bí ènìyàn bá dúró sí etí rẹ̀ ní òwúrọ̀, kò ní rántí pé ilẹ̀ gbígbẹ lòun ti wá.

Nígbà tí omi náà kún, ó bo ọ̀nà tí bàbá bàbá mi máa ń gbà lọ sí oko. Oko ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n omi ti wà láàárín. Ìyá Àgbà kọ̀ láti wá máa gbé ìgboro. Wọ́n ní ibi tí ọkọ àwọn sùn sí ni àwọn náà yóò sùn sí. Nítorí náà, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé gbogbo Sátidé ni a máa ń lọ sí abà: Bàbá mi fún oko, Màmá mi fún ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn apẹja láti tà ní Ìsẹ́yìn, àwa ọmọ fún Ìyá Àgbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lè gun ọ̀kadà yí omi ká, ṣùgbọ́n ọ̀kadà kì í gbé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà.

Mo fẹ́ sọ bí a ṣe yan ọkọ̀ wa, nítorí mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà létí omi kì í yan ọkọ̀. Èyí tí owó wọn bá ká ni wọ́n ń rà, èyí tó bá sì ń lọ ni wọ́n ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe títí di ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Igbe, ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ náà, à ń bọ̀ láti abà ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ tí a wọ̀ kì í ṣe tiwa. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ín, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló jẹ̀bi. Ọkọ̀ onípákó ni, ó gùn tó mítà márùn-ún, kò fẹ̀ ju mítà kan lọ. Àwa mẹ́fà la kọ́kọ́ wọ̀ ọ́: Bàbá, Màmá pẹ̀lú ìkókó tí wọ́n gbé pọ̀n, èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́rin wà láàárín wa. A fẹ́ gbéra ni àwọn èrò mẹ́fà mìíràn dé. Ilẹ̀ ń ṣú, òjò ń ṣú, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn. Atukọ̀ ní, "Ẹ sún mọ́ra, a ò ní pẹ́ dé." A sún mọ́ra. A wá di mẹ́tàlá pẹ̀lú atukọ̀.

Mo wo etí ọkọ̀. Àlàfo tó wà láàárín omi àti etí ọkọ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo rí i dáadáa. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo wo Bàbá, mo wo atukọ̀, mo wo àwọn àgbà tó jókòó, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé kò mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí a dé àárín omi, afẹ́fẹ́ òjò àkọ́rọ̀ dé. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ ọ̀dàn mọ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí igi ńlá tí yóò dá a dúró, bó bá sì dé orí omi gbalasa, ńṣe ló máa ń gbé ìgbì dìde bí ẹni ń ká ẹní. Omi àkọ́kọ́ ya wọ inú ọkọ̀. Ọkùnrin kan dìde láti gbé ẹrù rẹ̀ kúrò nínú omi. Bó ṣe dìde, ọkọ̀ fì sí apá ọ̀tún. Nígbà tó padà dúró dáadáa, àyè tí àbúrò mi obìnrin jókòó sí ti ṣófo.

Apẹja kan tó ń kó àwọ̀n rẹ̀ nílé nítorí òjò ló rí i. Bàbá náà wá láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, Bàbá Ìlàjẹ ni gbogbo wa sì ń pè é. Ó fi ọwọ́ kan gbá aṣọ àbúrò mi mú, ó fi ọwọ́ kejì di ọkọ̀ tirẹ̀ mú. Gbogbo rẹ̀ lè máà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọmọ náà pọ omi tó mu, ó sunkún, ó sì yè. A dé èbúté, a dúpẹ́, a lọ sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lórí ẹní, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i pé omi ti sún mọ́ etí ọkọ̀?"

Mo ní rárá.

Irọ́ ni mo pa. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ rí omi mọ́. Bí a bá ń lọ sí abà, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni wọ́n máa ń gbé e sí, òun àti Bàbá, tí àwa yòókù yóò sì wọ ọkọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Bàbá ní a óò ra ọkọ̀ tiwa. Owó kaṣú wà nílẹ̀, àjọ Màmá sì ti fẹ́rẹ̀ yọ. Káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ létí omi fi mẹ́ta hàn wá. Èyí tó kéré gùn ní mítà mẹ́rin. Èyí tó tẹ̀ lé e gùn ní mítà mẹ́fà àtààbọ̀, ó sì fẹ̀ tó mítà kan àtààbọ̀. Èyí tó tóbi gùn tó mítà mẹ́wàá, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àárín.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá fẹ́ èyí tó tóbi. Wọ́n ní, "Ẹni tó ra ńlá ti rà tán." Wọ́n ní ọkọ̀ kékeré ló fẹ́ pa ọmọ àwọn, nítorí náà ọkọ̀ ńlá ni àwọn yóò rà. Wọ́n tún ní bó bá di Iléyá àti Kérésìmesì, àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá láti ìgboro wá gbafẹ́ létí dáàmù. Kódà, Old Oyo National Park, tí ilẹ̀ rẹ̀ dé ìtòsí omi náà, ka fífi ọkọ̀ gbafẹ́ àti ẹja pípa ní Ìkéré Gorge mọ́ ohun tí àlejò lè wá ṣe. Bàbá ní ọkọ̀ tó bá gba ogún èèyàn yóò pa owó ara rẹ̀ padà.

Màmá fẹ́ kékeré. Wọ́n ní àjọ àwọn kì í ṣe ti ìjọba. Wọ́n ní bí epo bẹntiróòlù ṣe wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní 2023, ẹ́ńjìnnì ńlá yóò máa mu èrè àwọn bí ẹni mu omi. Wọ́n ní kékeré tí a lè fi àjẹ̀ tù ló tó.

Bàbá Ìlàjẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Nígbà tí ariwo pọ̀, ó ní, "Ẹ má bi ọkọ̀ léèrè iye èèyàn tó lè gbà. Gbogbo ọkọ̀ ló ń gbà. Ẹ bi í léèrè iye tó lè gbé délé."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní Fíísíìsì. Olùkọ́ ní, "Ṣé o ti gbàgbé Archimedes ni?" Mi ò gbàgbé. Mo ti há a sórí fún ìdánwò: ohun tó bá wọ inú omi, omi yóò fi agbára kan tì í sókè, agbára náà yóò sì ṣe déédéé pẹ̀lú ìwúwo omi tí nǹkan náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin ará Gíríìkì náà ti sọ ọ́ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó kan ìdílé mi.

Olùkọ́ ní kí n lọ dán an wò. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bẹ ẹni tó ni ọkọ̀ onímítà márùn-ún ọjọ́sí. Ojú tì í, kò lè kọ̀. Mo fi ẹfun sàmì sí ibi tí omi dé nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Lẹ́yìn náà ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan jẹ́ kílò 25. A kó mẹ́jọ sínú ọkọ̀, èyí tó jẹ́ 200 kílò. Ọkọ̀ rì sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Ìyẹn ni pé bí nǹkan bíi kílò 35 bá wọ inú ọkọ̀ yẹn, yóò fi sẹ̀ǹtímítà kan rì sí i. Àgbàlagbà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì.

Ó wá ku kí n mọ bí àwa fúnra wa ṣe wúwo tó. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kaṣú ni mo fi wọn gbogbo ìdílé. Màmá ní òun yóò gun un lórí àdéhùn kan: kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má kà á jáde. Mo mú àdéhùn náà ṣẹ, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Àròpọ̀ àwa mẹ́fà nìkan ni mo lè sọ: ó jẹ́ 270 kílò.

Mo wá padà ṣírò ọjọ́ ìjàmbá náà. Àwa mẹ́fà, 270. Apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́rin, 80. Atukọ̀ àti àwọn èrò mẹ́fà, ká fojú bù ú sí 460. Gbogbo rẹ̀ lé ní 800 kílò. Ọkọ̀ náà ti rì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, ẹrù àti èèyàn sì tún tì í wọlẹ̀ ní mẹ́tàlélógún. Láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dé etí rẹ̀ kò ju ogójì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ohun tó kù láàárín àwa àti omi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá. Bí a bá jẹ́ àwa mẹ́fà, atukọ̀ àti ẹja wa nìkan, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ì bá kù. Ìṣirò náà kò gba ojú ìwé kan tán. Mo jókòó tì í pẹ́.

Ó wá yé mi pé Bàbá kò tọ̀nà pátápátá nígbà tí wọ́n ní ọkọ̀ kékeré ló fẹ́ pa ọmọ wọn. Ọkọ̀ kékeré tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró ni. Ọkọ̀ ńlá tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró, èèyàn púpọ̀ ni yóò kó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Okúdù ọdún 2023, ní agbègbè Pàtígì ní Ìpínlẹ̀ Kwara tó bá wa pààlà, ọkọ̀ kan tó ń kó èrò bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dà nù lórí Odò Ọya. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Ọkọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní igi tó wà lábẹ́ omi ló kọ lù. Mo ka ìròyìn náà fún Bàbá. Wọn kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn kò mẹ́nu ba ogún èèyàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ igi abẹ́ omi yẹn kan omi tiwa náà. Ibi tí dáàmù bá ti bo igbó mọ́lẹ̀, kùkùté kì í kú kíákíá. Ní Ghana, níbi tí wọ́n ti kọ́ dáàmù Akosombo parí ní 1965, kùkùté inú adágún Volta ti fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú omi wálẹ̀, orí àwọn igi àtijọ́ máa ń yọ jáde bí ìka ọwọ́. Ọkọ̀ tó gùn tó sì wúwo kì í tètè yà fún wọn, ó sì ń fẹ́ omi tó jìn kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà kàn wọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú ní àárín omi, Bàbá àti èmi kò lè fi àjẹ̀ tù ú dé èbúté.

Kékeré tí Màmá fẹ́ náà ní àléébù tirẹ̀. Káfíńtà jẹ́ kí n gun un. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ bì mí dà sómi. Bàbá Ìlàjẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gígùn ló ń mú ọkọ̀ sáré, fífẹ̀ ló ń mú un dúró." Ọkọ̀ apẹja ni kékeré yẹn. Ẹni tó mọ bí a ti ń jókòó sínú rẹ̀ ló wà fún. Ìkókó kò mọ̀ ọ́n, obìnrin tó pọn ọmọ kò sì lè yára yí ara padà.

Èyí àárín ló kù. Mo ṣírò rẹ̀ bí mo ti ṣírò ti àkọ́kọ́. Nítorí pé ó gùn, tó sì tún fẹ̀, nǹkan bíi kílò 68 ni yóò wọ inú rẹ̀ kó tó rì ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ìyẹn ni pé àgbàlagbà kan, sẹ̀ǹtímítà kan. Ó jìn tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Bí òun àti ẹ́ńjìnnì kékeré rẹ̀ bá dá wà, mẹ́fà ló máa rì. Bí àwa mẹ́fà àti ẹja Màmá bá wọ̀ ọ́, yóò di bíi mọ́kànlá. A ó ṣì ní àlàfo tó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ láàárín àwa àti ìgbì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo gbé ìwé ìṣirò náà síwájú Bàbá àti Màmá. Màmá ní òun yóò fi àjọ òun kún un. Bàbá wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

A ra á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ọkọ̀ onímítà márùn-ún náà ì bá tó wa lọ́jọ́ yẹn, ká ní a mọ ibi tí a ó ti sọ pé ó tó. Kí ló wá fẹ́ mú kí tiwa máà di bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ bá ń ṣú tí èrò sì dúró létí omi?

Inú ìwé kan ní ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo ti rí ìdáhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn olówó ọkọ̀ a máa kó ẹrù kún ọkọ̀ òkun títí yóò fi fẹ́rẹ̀ rì. Samuel Plimsoll, tó jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbé ọ̀rọ̀ náà lórí títí wọ́n fi ṣe òfin ní 1876 pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹrù kò gbọ́dọ̀ tì í kọjá. Títí di òní, àmì náà wà lára àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń gúnlẹ̀ sí Apápá.

Mo ní kí a fa ìlà sí ara tiwa. Bàbá ra ọ̀dà pupa. Mo wọn ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà láti etí ọkọ̀ wá sísàlẹ̀, mo sì fa ìlà náà yí ọkọ̀ ká. Bí omi bá ti kan pupa, ó tó nìyẹn. A tún ra ẹ̀wù agbẹ̀mílà, èyí tí àjọ NIWA tó ń mójú tó ọ̀nà orí omi ní Nàìjíríà ní kí gbogbo èrò máa wọ̀. Mẹ́jọ la rà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa títí kan èyí tó mọ́ ìkókó níwọ̀n, àti méjì fún àlejò. Bàbá ní bí ẹ̀wù bá ti tán, àyè ti tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kò tíì kan ìlà.

Àbúrò mi obìnrin ló kù. Ó wá sí èbúté, kò sì fẹ́ wọ ọkọ̀. Ó tẹjú mọ́ ìlà pupa náà. Mo jókòó tì í. Mo sọ fún un pé mo pa irọ́ lọ́jọ́sí. Mo ní mo rí omi nígbà tó sún mọ́ etí ọkọ̀, mo sì dákẹ́ nítorí ẹ̀rù àwọn àgbà ń bà mí. Kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ni yóò máa wo ìlà yìí?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Ìwọ ni." Ó wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà rẹ̀, ó sì wọlé. Ọwọ́ mi ló dì mú títí a fi dé òdì kejì, ó sì dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé ẹ̀rù ṣì ń bà á.

Ní oṣù Ògún ọdún yìí, a kó àgbàdo. Àpò márùn-ún ni Bàbá kó sínú ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi ọgọ́rùn-ún kílò. Àwa mẹ́fà wọlé. Ìlà pupa ṣì wà lókè omi, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Nígbà náà ni Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, dé pẹ̀lú àpò àgbàdo méjì tiwọn. Òjò ń ṣú. Wọ́n wọlé, wọ́n gba ẹ̀wù agbẹ̀mílà kan, wọ́n jókòó. Àwọn ọmọkùnrin kan gbé àpò kìn-ín-ní wọlé, wọ́n sì fẹ́ gbé èkejì.

Àbúrò mi ní ohùn kékeré pé, "Omi ti kan ìlà."

Kò sẹ́ni tó gbọ́, tàbí bóyá wọ́n gbọ́. Ó wo ojú mi. Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ọkàn mi ń lù kìkì. Mo kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ má bínú, sà. Omi ti kan ìlà pupa. Àpò yín kò lè bá wa lọ nísinsìnyí."

Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ọmọ tí mo sọ lórúkọ ni yóò wá sọ ibi tí ẹrù mi yóò dúró sí?" Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Bàbá mi ń wo ilẹ̀ ọkọ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n wọn ni. Ìyá Àgbà, tí wọ́n sìn wá dé èbúté, ló sọ̀rọ̀ láti orí ilẹ̀: "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀. Màá jókòó tì wọ́n títí ọkọ̀ yóò fi padà wá."

Wọ́n gbé àpò náà sílẹ̀. Bàbá Àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Bàbá padà lọ gbé àpò méjèèjì, alẹ́ ti lẹ́ kí wọ́n tó dé, epo tí wọ́n jó sì dùn wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà fi àgbàdo tútù ránṣẹ́ sí wa. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ fún ìdílé yín, bóyá fún oko ni, bóyá fún ẹja tàbí fún ìgbafẹ́, ẹ wọn ara yín kí ẹ tó wọn ọkọ̀. Ẹ wo omi tí ẹ óò fi gùn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti kùkùté rẹ̀. Ẹ ra èyí tó fẹ̀ tó, tí agbára yín sì ká láti tù bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sí i lára, kí ẹ sì fún ẹni tó kéré jù nínú ilé ní àṣẹ láti ké bí omi bá kàn án. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì máa ń bi mí bóyá ọkọ̀ wa tóbi. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó tó wa. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì là ń lọ.